ÀWỌN TÍ Ó WÀ NÍ Ẹ̀YÌN ÀTÍBÀBÀ

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ òde ìgbéyàwó. A mọ ìyàwó, a mọ ọkọ rẹ̀, a mọ àwọn òbí tí ń yọ̀, a sì mọ aṣọ ẹbí tí gbogbo ìdílé fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ òde tí ó dára. Bí àlejò bá jẹun yó, yóò máa ròyìn òde náà kiri. Bí ebi bá sì pa á dé ilé, kò sí ìlù tí ó lè mú un gbàgbé. Síbẹ̀, ènìyàn mélòó nínú wa ni ó ti bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí ó se oúnjẹ náà, ìgbà tí wọ́n dá iná, àti bí abọ́ kan ti ń ti ìdí àárò dé iwájú àlejò? Nínú ẹ̀kọ́ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn alásè gẹ́gẹ́ bí èmi tìkára mi ti bá wọn ṣe é ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní Mafolúkù, kí n sì sọ ohun kan tí mo kọ́ níbẹ̀ tí n kò lè gbàgbé.

Mafolúkù jẹ́ àdúgbò kan ní Òṣòdì, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, èyí tí a ṣí ilé èrò ńlá rẹ̀ ní ọdún 1979. Ilé fara kan ilé ní àdúgbò náà. Àgbàlá kò pọ̀, ènìyàn ni ó pọ̀. Ẹni tí kò bá ní owó tí yóò fi gba gbọ̀ngàn ńlá, iwájú ilé rẹ̀ náà ni yóò pa àtíbàbà sí, kí ó to àga sí abẹ́ rẹ̀, kí àwọn alásè sì wá àyè díẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé láti gbé ìkòkò wọn kaná. Irú òde bẹ́ẹ̀ ni èyí tí mo ń wí yìí.

Ní ayé àtijọ́, kò wọ́pọ̀ kí a máa san owó fún ẹni tí yóò se oúnjẹ ìyàwó. Bí ìyàwó bá ń bọ̀ ní agbo ilé kan, ìyáálé ni yóò pín iṣẹ́. Àwọn ìyàwó ilé yóò gún iyán, wọn yóò sì ro ọbẹ̀. Àwọn ọmọge yóò pọn omi. Àwọn ọkùnrin yóò la igi, wọn yóò sì kun ẹran. Bí àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣe àáró ní oko, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin ń ṣe tiwọn ní ìdí àárò: òní tèmi, ọ̀la tìrẹ. Ní Èkó òde òní, agbo ilé ti túká. Ẹ̀gbọ́n ń gbé ní Ìkòròdú, àbúrò ń gbé ní Badagry, aládùúgbò ẹni sì lè jẹ́ ẹni tí a kò mọ ìlú rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi di pé a ń pe alásè, a sì ń san owó fún un. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni èyí: nígbà tí ó jẹ́ pé owó ni ó kó wa jọ, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kí ni yóò mú kí a fi ọkàn kan ṣe iṣẹ́ náà?

Mọ́kànlá ni àwa òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ náà. Olórí wa ni obìnrin àgbàlagbà kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Alásè. Obìnrin méjì ni ó wà ní ìdí ìrẹsì àti ọbẹ̀. Ọkùnrin kan, tí a ń pè ní Bọ̀dá Oníná, ni ó ń ṣọ́ iná, òun ni ó sì ń gbé ìkòkò ńlá. Àwọn mẹ́rin ni yóò gbé oúnjẹ lọ fún àlejò, àwọn méjì ni yóò fọ abọ́. Èmi ni ìkọkànlá, ọmọ ilé-ìwé tí ń retí èsì ìdánwò rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa kó oúnjẹ sínú kúlà, kí n sì máa ṣírò iye tí ó jáde. Nítorí pé mo fi kálàmù sí àpò ẹ̀wù mi, Bọ̀dá Oníná sọ mí ní Akọ̀wé, orúkọ náà kò sì kúrò lára mi mọ́.

Iṣẹ́ alásè kò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ òde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni Ìyá Alásè ti lọ sí ọjà Mile 12, níbi tí ọ̀pọ̀ alásè Èkó ti ń ra tòmátì, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà. Ó ti ṣírò ohun gbogbo kí ó tó jáde nílé. Ẹ jẹ́ kí á wo ìṣirò rẹ̀, nítorí ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Bí a bá wọn ìrẹsì tútù gíráàmù 125 fún ènìyàn kan, àpò kan tí ó jẹ́ kílò 50 yóò tó ènìyàn 400. Àlejò 400 ni olóde pè. Ṣùgbọ́n Ìyá Alásè fi ìdajì àpò lé e. Ó ní, “Ẹni tí a pè kò tó ẹni tí yóò wá. Mogbọ́-moyà kì í gba ìwé ìpè.” Ẹni tí ó bá ṣírò fún àwọn tí a pè nìkan ní Èkó, ojú ni yóò tì í.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà ni a lọ ata, tí a rẹ́ àlùbọ́sà, tí a bọ ẹran, tí a sì se mọ́ínmọ́ín 200 nínú ewé. Nígbà tí ó di aago mẹ́wàá alẹ́, mọ́ínmọ́ín jinná. Ìyá Alásè pè mí, ó ní, “Akọ̀wé, tò wọ́n sórí ọ̀pọ́n kí ooru wọn lọ kíákíá. Bí wọ́n bá ti tutù, kó wọn sínú fìríìjì ńlá tí ó wà ní ilé olóde. Ní ọ̀sán ọ̀la, a óò tún gbé wọn kaná kí ó tó kan àlejò.” Mo ní, “Ó dára, Màmá.” Ṣùgbọ́n ara mi ti rẹ̀. Ilé olóde ń pariwo, àwọn ènìyàn kún ibi tí fìríìjì wà. Mo wò ó pé kúlà sún mọ́ mi. Mo kó gbogbo mọ́ínmọ́ín náà sínú rẹ̀ bí wọ́n ti gbóná, mo dé e, mo ní bí ó bá pẹ́ díẹ̀ n óò wá kó wọn. Mo jókòó, oorun sì gbé mi lọ.

Ní aago mẹ́rin ìdájí, Bọ̀dá Oníná jí wa. Ó ti gbé ìkòkò ńlá mẹ́ta kaná, ó sì ti fi igi sí abẹ́ wọn. Bí a ti ń ta jí ni àwàdà bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ bí èmi ṣe ń hanrun ní òru, òun sì rò pé ọkọ̀ òfurufú ni ó fẹ́ balẹ̀ sí Mafolúkù. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, oorun sì kúrò ní ojú wa. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ń se ìrẹsì, tí mo ń pè ní Àǹtí, bu ẹ̀kọ gbígbóná fún mi nínú èyí tí ó gbé wá láti ilé rẹ̀, ó sì bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ bí mo bá yege. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nǹkan kékeré ni èyí. Ẹni tí ó bá fún ọ ní ẹ̀kọ ní òwúrọ̀, ó ti sọ fún ọ pé òun rí ọ.

Nígbà tí iná mú, a da òróró àti ata sínú ìkòkò, a sì jẹ́ kí ata náà dín títí omi rẹ̀ fi gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni a da omi ẹran sí i, tí a sì da ìrẹsì lé e. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni. Orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ ilẹ̀ wa. Ó wá láti inú orúkọ ìjọba Jolof, ìjọba àwọn Wolof ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Ní ọdún 2021, UNESCO kọ orúkọ oúnjẹ ìrẹsì àti ẹja tí àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gàl ń pè ní ceebu jën sínú ìwé àwọn àṣà tí ó yẹ kí gbogbo ayé pa mọ́. Ṣùgbọ́n àwa náà ti sọ jọ̀lọ́ọ̀fù di tiwa. Èéfín igi tí ń wọ inú ìkòkò, àti ìsàlẹ̀ tí ó jó díẹ̀, ni àwọn ará Èkó fi ń mọ ìrẹsì òde yàtọ̀ sí ìrẹsì ilé.

Ní aago kan ọ̀sán, àlejò kún abẹ́ àtíbàbà. Alága ìdúró àti alága ìjókòó ti parí eré wọn, onílù ń lu ìlù. Àwọn mẹ́rin tí ń gbé oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Tábìlì àwọn àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, nítorí pé àgbà ni a kọ́kọ́ ń fún ní oúnjẹ; wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń sọ pé, “Ẹ kú àríyá, mà. Ẹ kú àríyá, sà.” Bí ọ̀kan bá ti ń padà bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ́n òfìfo, èkejì ń jáde. Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ tèmi. Nígbà tí abọ́ mímọ́ fẹ́ tán, Àǹtí fi ìdí ìkòkò sílẹ̀, ó bá àwọn tí ń fọ abọ́ nù ún.

Ní aago méjì, wọ́n ní kí n gbé mọ́ínmọ́ín wá. Ìgbà náà ni mo rántí. Mo ṣí kúlà náà. Òórùn kíkan lù mí ní imú. Mo tú ewé kan: ó ń yọ̀, ó sì ń fà. Wákàtí 16 ni mọ́ínmọ́ín náà ti sùn nínú kúlà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí ẹni tí ó rí mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èmi kò ní purọ́ fún yín. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn mi kì í ṣe òtítọ́. Mo rò pé bí mo bá gbé wọn kaná, bóyá òórùn náà yóò lọ. Mo tún rò pé bí inú bá run ẹnikẹ́ni ní ọ̀la, ta ni yóò mọ̀ pé mọ́ínmọ́ín ni? Owó iṣẹ́ ọjọ́ ni àwa ń gbà. Ẹni tí ń gba owó iṣẹ́ ọjọ́ kò ní owó oṣù tí ó lè fẹ̀yìn tì. Bí òde kò bá sí, oúnjẹ kò sí. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de àpèjọ ńlá, ìséra-ẹni-mọ́lé sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù náà. Láti ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ òde ti mọ bí ọ̀sẹ̀ kan tí kò sí iṣẹ́ ti ń gùn tó. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ̀rọ̀, n kò ní rí owó gbà, ẹnikẹ́ni kò sì ní pè mí sí iṣẹ́ mọ́.

Kì í ṣe pé n kò mọ bí a ti ń fi nǹkan pamọ́. Mo ti bá alásè mìíràn ṣiṣẹ́ rí ní ibòmíràn, ẹni tí ó ń pariwo mọ́ òṣìṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Abọ́ kan fọ́ ní ọ̀wọ́ ọ̀kan nínú wa ní ọjọ́ náà. Nítorí ẹ̀rù èébú, a kó àfọ́kù rẹ̀ sí abẹ́ àpò òfìfo, a sì dákẹ́. Ọmọ kékeré kan tí ń ṣeré ni ó fi ẹsẹ̀ gún un. Ìbẹ̀rù ni ó mú wa dákẹ́, ọmọ tí kò mọ ohunkóhun ni ó sì jẹ ìyà rẹ̀.

Bí mo ti dúró bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí kọjá. Ó wo ojú mi, ó ní, “Akọ̀wé, kí ni ó dé?” Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohùn tí ó fi fún mi ní ẹ̀kọ. Ẹnu mi sì là. Ó gbọ́ tán, ó ní, “Jẹ́ kí á lọ sọ fún Màmá nísinsìnyí. N óò bá ọ lọ.”

Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Alásè, mo ní, “Màmá, ẹ dákun. N kò kó mọ́ínmọ́ín sínú fìríìjì ní alẹ́ àná. Inú kúlà ni mo kó wọn sí. Gbogbo rẹ̀ ti kan.”

Ó wò mí. Ó ní, “Ta ni ó ti jẹ nínú rẹ̀?”

“Ẹnikẹ́ni kò tí ì jẹ ẹ́, Màmá.”

Ó mí kanlẹ̀. “A dúpẹ́. Ẹ gbé e kúrò níbí, kí ẹ dà á nù níbi tí ọmọdé kò ti lè fọwọ́ kàn án.” Kò bú mi. Ó yọ owó nínú àpò ara rẹ̀, ó rán ẹni méjì lọ ra ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á ní àdúgbò. Òun fúnra rẹ̀ lọ bá ìyá ìyàwó, ó ní, “Ẹ kú ìnáwó, mà. Mọ́ínmọ́ín tí a ṣe àdéhùn rẹ̀ bàjẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀bi wa ni. Dòdò ni a óò fi rọ́pò rẹ̀, a óò sì yọ owó mọ́ínmọ́ín kúrò nínú owó tí ẹ óò san.” Kí ó tó padà dé, Bọ̀dá Oníná ti gbé agbada kaná, àwọn tí ń fọ abọ́ ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, Àǹtí ń gé e, èmi ń kó o jáde. Kò ju ìṣẹ́jú ogójì lọ tí àlejò fi ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù àti dòdò, tí ijó sì ń lọ.

Ó yẹ kí á mọ ìdí tí Ìyá Alásè kò fi ní kí á tún mọ́ínmọ́ín náà gbé kaná. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún nípa oúnjẹ tí ó gbé jáde ní ọdún 2001, kọ́ wa pé oúnjẹ tí a ti sè kò gbọdọ̀ wà ní ìta ju wákàtí 2 lọ láìjẹ́ pé ó gbóná ju 60°C lọ, tàbí pé a fi í sí ibi tí ó tutù dé 5°C tàbí tí ó rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ìwọ̀n méjèèjì yìí ni àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ti ń yára pọ̀ sí i. Kúlà kì í dá ooru. Ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni. Bí òru ti ń lọ, ooru náà ń jò díẹ̀díẹ̀ títí oúnjẹ yóò fi di ìlọ́wọ́ọ́wọ́. Òmíràn nínú àwọn kòkòrò wọ̀nyí a sì máa tú oró sínú oúnjẹ, oró tí iná kò lè pa. Nítorí náà, oúnjẹ tí ó ti kan kò ní àtúnṣe.

Nígbà tí alẹ́ lẹ́, tí a fọ ìkòkò tán, tí a sì pa iná, Ìyá Alásè pín owó. Nígbà tí ó kàn mí, ó ka owó mi pé. Ó ní, “Akọ̀wé, mo san owó rẹ pé nítorí pé o sọ̀rọ̀ ní àkókò. Bí o bá tún gbàgbé, inú mi kò ní dùn. Ṣùgbọ́n bí o bá fi pamọ́, ìwọ àti èmi kò ní jọ ṣiṣẹ́ mọ́. Owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo san lónìí. Ìbá ti jẹ́ owó ilé ìwòsàn.” Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú kálàmù mi jáde. Láti ọjọ́ náà, ìwé pélébé kan wà lára kúlà kọ̀ọ̀kan, tí a kọ orúkọ oúnjẹ, wákàtí tí a sè é, àti wákàtí tí a gbọ́dọ̀ gbé e kúrò sí i.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rẹ́ níbi iṣẹ́ ni ẹni tí yóò bá wa bo àṣìṣe wa mọ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ níbi iṣẹ́ ni ẹni tí a lè sọ àṣìṣe wa fún kí ó tó di ewu fún ẹlòmíràn, tí yóò sì bá wa rìn lọ síwájú ọ̀gá. Àwàdà Bọ̀dá Oníná, ẹ̀kọ Àǹtí, àti sùúrù Ìyá Alásè kì í ṣe eré lásán. Àwọn ni ó ṣí ẹnu mi. Àwọn àgbà a máa wí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Owó lè kó ọwọ́ jọ, ṣùgbọ́n inú rere ni ó ń mú kí ọwọ́ náà di ọ̀kan. Nígbà mìíràn tí a bá jókòó sí abẹ́ àtíbàbà, tí ẹnì kan sì gbé abọ́ sí iwájú wa, ẹ jẹ́ kí á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò mọ ohun tí wọ́n ti dà nù nítorí tiwa.

ÌBÉÈRÈ

1. Báwo ni iṣẹ́ oúnjẹ ìyàwó ní agbo ilé àtijọ́ ṣe yàtọ̀ sí ti Èkó òde òní?
2. Bí àpò ìrẹsì kílò 50 bá tó ènìyàn 400, ènìyàn mélòó ni àpò kan àti ìdajì yóò tó? Kí ni ìdí tí Ìyá Alásè fi rà ju iye tí a pè lọ?
3. Kí ni ó yẹ kí Akọ̀wé ṣe sí mọ́ínmọ́ín ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì? Kí ni ó ṣe dípò rẹ̀?
4. Ṣe àlàyé ìdí tí a kò fi lè tún oúnjẹ tí ó ti kan gbé kaná fún àlejò.
5. Lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn tìrẹ: àtíbàbà, àáró, mogbọ́-moyà, àfọ́kù, ìlọ́wọ́ọ́wọ́.
6. Kọ àròkọ kan lórí ọjọ́ tí ìwọ jẹ́wọ́ àṣìṣe kan níbi iṣẹ́ tàbí ní ilé. Ta ni ó mú kí ó rọrùn fún ọ láti sọ̀rọ̀?